Àtúnlù Kọ́ Ni Àlùtúnlù

Ọ̀rọ̀ kan ti wọ ẹnu àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà to orin ní Ọjà Ọba, Bẹẹrẹ àti Màpó nílùú Ìbàdàn: lúùpù. Ègé ìlù kúkúrú ni, tí ẹ̀rọ yóò lù dé òpin, tí yóò tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, títí ẹni tó ni í yóò fi dá a dúró. Bí wọ́n bá fẹ́ pè é ní Yorùbá, àwọn mìíràn a ní "àtúnlù". Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni lóòótọ́, àmọ́ kò bá ohun tí wọ́n ń ṣe mu.

Ẹ jẹ́ ká wo bí èdè wa ṣe ń ṣẹ̀dá irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹni tó kọ lẹ́tà, tó fà á ya, tó wá kọ òmíràn, àtúnkọ ló ṣe. Ilé tó ń jò tí a pààrọ̀ páànù rẹ̀, àtúnṣe la ṣe sí i. Nínú méjèèjì, tuntun ti gba ipò àtijọ́, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ń sọ ohun kan náà fún ọmọ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, àsọtúnsọ la ń pè é. Àwítúnwí àti àkàtúnkà náà nìyẹn: ọ̀rọ̀-ìṣe wà níwájú "tún", ó sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Àlùtúnlù ló yẹ kí a máa pe lúùpù. Kí a fi àtúnlù sílẹ̀ fún orin àtijọ́ tí a fi ìlù tuntun sí, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní rímíìsì.

Àlùtúnlù kò ṣàjèjì sí àwọn ọmọ Àyàn. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyá ìlù ló ń sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú, tí a fi ìda sí lójú, tí a sì ń fi bílálà awọ méjì lù, kì í bá a du ọ̀rọ̀ sísọ. Ìlù kan náà ló dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ ijó títí dé òpin, òun ni àwọn yòókù sì ń gbé ẹsẹ̀ lé. Iṣẹ́ tí omele ń ṣe nínú bàtá nìyẹn pẹ̀lú. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àlùtúnlù lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀dọ̀ gúdúgúdú ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà nílò àtúnṣe. A ti ń gbọ́ "ó ń lu gìtá" àti "ó ń lu fèrè". Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. A ń lu ìlù àti agogo, a ń fọn fèrè, a ń ta gìtá, a ń tẹ dùrù. Aṣáájú ń dá orin, àwọn elégbè ń gbè é. Ẹ kíyè sí àmì ohùn náà: "mo lù ú", ṣùgbọ́n "mo lu ìlù", "mo tẹ̀ ẹ́", ṣùgbọ́n "mo tẹ dùrù". Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀ a máa di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń fi ìka to ìró sórí kọ̀ǹpútà, ó ń to ìlù ni. Ẹni tó fi fóònù gba ohùn onílù, ó gba ìlù sílẹ̀ ni.

Ẹ̀rọ náà ní àṣà tirẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Image-Line ní Bẹ́ljíọ̀mù gbé FL Studio, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to ìlù, jáde ní 1997, FruityLoops ni wọ́n ń pè é. 2003 ni orúkọ yí padà. Àyè 16 ló máa ń tò kalẹ̀ fún olùbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìlù wa ló pín sí 12. Bí gúdúgúdú yín bá ń dún bí ìlù àjèjì, ẹ kọ́kọ́ yí 16 náà sí 12.

Gígé ló máa ń dá olùbẹ̀rẹ̀ láàmú jù. Ẹ má gé ìlù níbi tí ìró ìkẹyìn ti dákẹ́. Ibi tí ìró àkọ́kọ́ ti fẹ́ tún dún ni kí ẹ gé e sí, nítorí ìdákẹ́ tó wà láàárín wọn jẹ́ ara ìlù. Bí ìlù bá ń yára tó lílù 120 ní ìṣẹ́jú kan, lílù 16 rẹ̀, kì í ṣe àyè 16, yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá 8 géérégé. Bí ẹ bá jẹ́ kó lé tàbí kó dín, ẹsẹ̀ oníjó yóò máa ṣì.

Ti gángan àti ìyá ìlù gba ìṣọ́ra, nítorí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Àwọn àgbà Ìbàdàn rántí gbólóhùn ìlù kúkúrú tí rédíò ìjọba àpapọ̀ fi ń kéde ara rẹ̀ láyé ọjọ́un, tó ń dún ní àlùtúnlù kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì ni ìlù ń pè. Ohun tí ará Ìbàdàn gbọ́ ni ìbéèrè nípa ẹni tí yóò joyè bí Olúbàdàn bá wàjà. Ohùn ni ìlù ń gbé, kì í gbé kọ́ńsónáǹtì. Gbólóhùn méjì tí ohùn wọn bá dọ́gba, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ìlù. Bí ẹ bá gé gbólóhùn gángan láàárín, tàbí tí ẹ fi kọ̀ǹpútà gbé ohùn kan sókè, ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ohùn ìkẹyìn nìkan ló ya ìlù sọ́tọ̀ kúrò lára ìlú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, kí ẹ tó fi ìlù bàbá onílù kan ṣe àlùtúnlù, ẹ kí wọn, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ìlù wọn sọ, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ wọn. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi iṣẹ́ yín pamọ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé.