Títẹ Bọ́tìnnì Nìkan Kò Tó

Ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́jáde wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́gbọ́n lára ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Dubai ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ, ọdún 2016. Bàálù Boeing 777 kan tí ó gbé 300 ènìyàn fẹ́ balẹ̀. Taya rẹ̀ ti kan ilẹ̀ kí àwọn awakọ̀ tó pinnu láti tún gbéra. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì tí ń fún ẹ́ńjìnnì ní agbára. Ṣùgbọ́n bí taya bá ti kan ilẹ̀, bọ́tìnnì yìí kì í ṣiṣẹ́: ọwọ́ ni a gbọ́dọ̀ fi ti ọ̀pá agbára síwájú. Wọn kò tètè kíyè sí i. Bàálù gòkè tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 85, eré rẹ̀ dínkù, ó sì já lulẹ̀. Gbogbo àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ yè, ṣùgbọ́n panápaná kan kú lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ wa nìyí: ẹ̀rọ a máa ranni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í báni ṣọ́nà. Bí awakọ̀ bá ti tẹ bọ́tìnnì, kí ó fọwọ́ kan ọ̀pá agbára, kí ó wo aago ẹ́ńjìnnì àti ti eré, kí ó tó kọjú sí ohun mìíràn. Kì í ṣe lásán ni Olúwa wa so ìṣọ́nà pọ̀ mọ́ àdúrà.