Ẹ̀KỌ́ LÁTI INÚ ỌDÚN 1864

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọdún kan ṣoṣo wò nínú ìtàn àwọn bàbá wa.

1. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta, ogun Glele ọba Dahomey dé odi Abẹ́òkúta. Ghezo bàbá rẹ̀ ti gbìyànjú ní 1851, kò rí i ṣe. Àwọn Ẹ̀gbá tún lé ti ọmọ padà.

2. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, ní Canterbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Ọmọ Òṣogùn ni. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun ní 1822. Henry Leeke tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹrú ìjọ́sí di Bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ ò rí nǹkan!

Ṣùgbọ́n wọn kò fi Èkó àti Abẹ́òkúta sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn òyìnbó ajíhìnrere kan, tí Henry Townsend wà nínú wọn, kò fẹ́ kí adúláwọ̀ ṣe olórí wọn.

3. Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, Abigail ọmọ Crowther bí Herbert Macaulay ní Èkó. Òun ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923.

Kí ni a rí kọ́? Àṣẹ tí wọ́n fi du bàbá àgbà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ dìde bèèrè rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fojú kéré ẹnikẹ́ni láàrin wa: bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ.