Má Tíì Fọ Owó Náà

Àkànní ọmọ mi,

Àwòrán owó tí o hú nínú oko ní Lincolnshire ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. O kú oríire. Owó idẹ kékeré ni, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ìpáàrà aláwọ̀ ewé sì bo tojú-tẹ̀yìn rẹ̀. O béèrè bóyá inú ọtí kíkan ni kí o rẹ ẹ́ sí tàbí inú omi ọsàn wẹ́wẹ́. Jọ̀wọ́, má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni àwọn ìyá wa fi ń fọ àwo idẹ títí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Àwo gbà á, nítorí ó nípọn. Owó tó ti wà nínú ilẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kò gbà á. Bàbà inú idẹ ti bá omi, afẹ́fẹ́ àti iyọ̀ ilẹ̀ pàdé, ojú irin náà sì ti yí padà di ìpáàrà. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ìpáàrà yẹn gan-an ni ojú ọba àti lẹ́tà orúkọ rẹ̀ wà. Wọn kò sí lára irin mọ́. Ásíìdì inú ọsàn kò mọ ìdọ̀tí yàtọ̀ sí àwòrán. Bó bá jẹ ìpáàrà tán, irin oníhò wẹ́wẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè kà ló máa ṣẹ́ kù. Iṣẹ́ ibi kan náà ni búrọ́ọ̀ṣì onírin ń ṣe.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń wo owó dáadáa kó tó ronú kan omi. Yóò ya ojú méjèèjì ní fọ́tò pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n kékeré, yóò sì kọ ibi tó ti hú u sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò pa iná yàrá, tí yóò gbé tọ́ọ̀ṣì kan sí ẹ̀gbẹ́ owó náà kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ojú rẹ̀ kọjá ní ìdábùú. Lẹ́tà tí ojú kò rí lójú ọ̀sán lè tipa òjìji rẹ̀ yọ.

Nínú àwòrán tí o fi ránṣẹ́, ó jọ pé ènìyàn méjì dúró, nǹkan gígùn sì wà láàárín wọn. Bó bá rí bí mo ṣe rò ó, owó Róòmù ni, ti ayé Ọba Constantine àti àwọn ọmọ rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ GLORIA EXERCITVS sí, ìyẹn ògo àwọn ọmọ ogun. Ọmọ ogun ni àwọn méjèèjì, ọ̀págun ló sì wà láàárín wọn. Ibẹ̀ ni kí o fojú sí. Bí ọ̀págun bá jẹ́ méjì, àárín ọdún 330 sí 335 ni wọ́n rọ owó náà. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, nǹkan bí 335 sí 341 ni. Wo abẹ́ ìlà tó wà lẹ́sẹ̀ wọn pẹ̀lú. Bí o bá rí TR níbẹ̀, Trier ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Jámánì lónìí ni wọ́n ti rọ ọ́. O kò ní rí PLON tó jẹ́ àmì London, nítorí pé wọ́n ti ti ilé ìrọwó London pa ní 325. Fífi agídí nù ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè pa ọ̀págun kan rẹ́, kí ọjọ́ orí owó náà sì bá a lọ.

Irú àmì kékeré bẹ́ẹ̀ wà lára owó tí àwọn bàbá wa ná. Birmingham ni wọ́n ti rọ púpọ̀ nínú ọ̀nínì, èpìnnì àti kọ́bọ̀ oníhò ti British West Africa. H dúró fún ilé iṣẹ́ Heaton, KN sì dúró fún King's Norton. Ní 1936, Edward VIII gorí oyè ní January, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní December. Ní Bìrìtéènì, owó idẹ rẹ̀ kankan kò jáde fún ìná. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ oníhò kò ní àwòrán orí ọba, orúkọ nìkan ló wà lára rẹ̀, nítorí náà kọ́bọ̀ tí wọ́n kọ EDWARDVS VIII sí dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá fi yẹ̀pẹ̀ ha irú kọ́bọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ba ẹ̀rí jẹ́.

Bó bá di dandan kí o mú erùpẹ̀ kúrò, distilled water ni kí o lò, irú tí wọ́n ń tà fún bátìrì mọ́tò, nítorí pé klórínì wà nínú omi ẹ̀rọ. Rẹ ẹ́ sínú rẹ̀, máa pààrọ̀ omi náà, kí o sì máa fi igi ìtayín ṣí erùpẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ìpáàrà tó le, tó sì ń dán, ààbò ni, fi í sílẹ̀. Gbàrà tí lẹ́tà bá ti ṣeé kà, dáwọ́ dúró.

Èyí tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù ni ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ lójú kan, tí a bá nù ún, tó tún padà. Klóráídì inú idẹ ló pàdé ọ̀rinrin afẹ́fẹ́, yóò sì máa jẹ owó náà lọ. Tọ́jú rẹ̀ sínú ike tó dé pinpin pẹ̀lú silica gel, àwọn àpò kékeré tí à ń rí nínú páálí bàtà tuntun, kí o sì tètè fi han ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ohun àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ òfin náà ń bẹ. Gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀, má sì gbé ẹ̀rọ tí o fi ń wá irin nínú ilẹ̀ dé ibi ìrántí tí ìjọba dáàbò bò láìgbàṣẹ. Gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Treasure Act ti 1996, bí owó méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ tó ju 300 ọdún lọ bá jáde níbi kan náà, tí wúrà tàbí fàdákà inú wọn tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, o gbọ́dọ̀ sọ fún coroner, òṣìṣẹ́ tó ń ṣèwádìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, láàárín ọjọ́ 14. Bí wúrà tàbí fàdákà inú wọn kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó di ìgbà tí wọ́n bá pé mẹ́wàá.

Rántí Dave Crisp, alásè ilé ìwòsàn tó rí ìkòkò owó Róòmù lẹ́bàá Frome ní Somerset ní April 2010. Nígbà tó mọ̀ pé ìkòkò ni, ó dẹ́kun wíwalẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe àwọn awalẹ̀pìtàn. Ìpele-ìpele ni wọ́n kó owó náà jáde, 52,503 ni gbogbo rẹ̀. Bí owó ṣe tò sínú ìkòkò ló jẹ́ kí wọ́n gbà pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n dà á síbẹ̀, kì í ṣe pé ẹnì kan ń fi pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Ká ní ó ti hú u kó sínú báàgì, ta ni ì bá mọ̀?

Owó kan ṣoṣo ni tìrẹ, òfin kò fi dandan mú ọ. Síbẹ̀, gbé e lọ bó ṣe wà, erùpẹ̀ rẹ̀ lára, sọ́dọ̀ Finds Liaison Officer àgbègbè rẹ, òṣìṣẹ́ Portable Antiquities Scheme tó ti wà láti 1997. Ọ̀fẹ́ ni. Fi ojú ibi tó ti jáde hàn wọ́n gan-an, nítorí owó tí a kò mọ ibi tó ti wá ti sọ ìdajì ìtàn rẹ̀ nù. Kọ̀wé sí mi bí wọ́n bá ti wò ó: ṣé ọ̀págun kan ni, àbí méjì?

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ