Lẹ́ńsì Tí Ó Bá Ojú Mu: Ẹ̀kọ́ Kan fún Ìdílé

Ó yẹ kí ìwé àjọ̀dún bí irú èyí ní ẹ̀kọ́ kan nínú tí yóò wúlò fún ìdílé lẹ́yìn tí ìlù àti ijó bá ti parí. Ojú ni ẹ̀kọ́ tiwa dá lé lórí, pàápàá lẹ́ńsì, ìyẹn ike tín-ín-rín tí à ń fi lé ẹyinjú dípò awò ojú. Láti Ọba Akran dé Ògbà, láti Agídìngbí dé Pen Cinema ní Agége, àwọn ọmọ wa ti ń wọ̀ ọ́. Àwọn kan ń wọ̀ ọ́ nítorí pé wọn kò ríran jìnnà. Àwọn mìíràn ń wọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ tí ó ń fún ojú lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Púpọ̀ nínú wọn ni kò tí ì dé ọ̀dọ̀ onímọ̀ nípa ojú rí.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí òǹkàwé mú lọ. Ohun mẹ́ta ni a fi ń yan lẹ́ńsì: ojú tí yóò wọ̀ ọ́, iṣẹ́ tí ojú náà ń ṣe, àti ọwọ́ tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí kò bá gún, kí a máa lo awò ojú wa lọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìbéèrè Olúwa ní Bẹtisáídà

Nínú Ìhìn Rere Máàkù, orí kẹjọ, a kà nípa afọ́jú kan tí wọ́n mú tọ Jésù wá. Olúwa tọ́jú ojú rẹ̀, Ó sì bi í léèrè bóyá ó rí nǹkan. Ọkùnrin náà ríran díẹ̀, ṣùgbọ́n bí igi ni ènìyàn rí lójú rẹ̀. Jésù kò fi ìríran bàìbàì yẹn rán an lọ sí ilé. Ó tún fi ọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì, títí ohun gbogbo fi hàn sí i kedere.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé Ẹni tí ó dá ojú fúnra rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ojú, Ó sì tún un yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìtọ́jú ojú tòótọ́ ṣe rí. Onímọ̀ yóò wọn ojú, yóò fi lẹ́ńsì ìdánwò sí i, yóò béèrè bí ó ti rí lára, yóò sì ní kí a padà wá lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ó bá na lẹ́ńsì sí ọmọ wa nínú ọjà láìbi í ní ìbéèrè kan, ọjà ni ó tà; kò tọ́jú ojú ẹnikẹ́ni.

Ojú tí yóò wọ̀ ọ́

Ní ọdún 1888, Adolf Fick, dókítà ọmọ Jámánì tí ń ṣiṣẹ́ ní Zürich, ròyìn lẹ́ńsì tí ó fi gíláàsì ṣe. Ó wúwo, ojú kò sì lè gbà á fún ju wákàtí díẹ̀ lọ. Ní ọdún 1961 ni Otto Wichterle, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilẹ̀ Czechoslovakia, fi ẹ̀rọ tí ó tò láti ara ohun ìṣeré ọmọdé àti dánámò kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́ńsì rírọ̀ nínú ilé rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí títà irú rẹ̀ ní ọdún 1971. Láti ìgbà náà ni lẹ́ńsì ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè fi sójú láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Síbẹ̀, ojú kò yí padà. Iwájú ẹyinjú ni awọ kan wà tí ó mọ́ gaara bí omi àfòwúrọ̀pọn. Kọ́níà ni àwọn dókítà ń pè é. Kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà láti inú afẹ́fẹ́ tí ó wọ inú omijé ni ó ti ń rí púpọ̀ nínú ọ́síjìn tí ó ń lò. Lẹ́ńsì tí a bá fi lé e dà bí aṣọ tí a fi bo ẹni tí ń mí. Bí aṣọ náà bá fẹ́lẹ́, tí ó sì bá ara mu, ẹni náà yóò máa mí. Bí ó bá nípọn, tàbí tí ó fún jù, ìnira dé.

Ìdí nìyí tí nọ́ńbà awò ojú kò fi tó láti ra lẹ́ńsì. Awò ojú jìnnà díẹ̀ sí ẹyinjú, lẹ́ńsì sì wà lórí rẹ̀ gan-an. Nítorí náà nọ́ńbà méjèèjì lè yàtọ̀, pàápàá fún ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀. Lára páálí lẹ́ńsì a ó tún rí BC, tí ó ń sọ bí lẹ́ńsì ti tẹ̀ tó, àti DIA, tí ó ń sọ bí ó ti fẹ̀ tó. Ojú tí a kò wọ̀n kò lè mọ èwo ni tirẹ̀.

Oríṣi tí ó wà pọ̀. Lẹ́ńsì rírọ̀ ọlọ́jọ́ kan ni à ń wọ̀ ní òwúrọ̀ tí a sì ń sọ nù ní alẹ́. Ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni a kọ́kọ́ máa ń rò fún akẹ́kọ̀ọ́ àti fún ẹni tí kì í wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, nítorí kò nílò fífọ̀. Ọlọ́sẹ̀ méjì àti olóṣù kan nílò fífọ̀ lálaalẹ́, ọjọ́ tí a ṣí i ni a sì ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni a wọ̀ ọ́. Lẹ́ńsì líle tí ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá máa ń ran ẹni tí kọ́níà rẹ̀ yọ ṣóńṣó lọ́wọ́ ju rírọ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ ń gba sùúrù kí ojú tó mọ́ ọn lára. Ẹni tí iwájú ẹyinjú rẹ̀ kò rí roboto déédé ní irú tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní toric. Àwa tí a ti kọjá ogójì ọdún, tí a ń na ìwé jìnnà kí a tó lè kà á, ní irú tiwa pẹ̀lú.

Lẹ́ńsì aláwọ̀ kò yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí. Bí nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀ bá tilẹ̀ jẹ́ 0.00, orí kọ́níà kan náà ni yóò jókòó sí. Nítorí èyí ni òfin Amẹ́ríkà ṣe sọ ọ́ di ohun èlò ìṣègùn ní ọdún 2005, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà láìsí ìwé àṣẹ onímọ̀ ojú. Ọ̀rẹ́ méjì kò sì gbọdọ̀ pín in lò, bí ó ti wù kí wọ́n fẹ́ràn ara wọn tó.

Iṣẹ́ tí ojú ń ṣe

Agbègbè iṣẹ́ ni agbègbè wa. Ìyẹ̀fun ń fò nínú ilé búrẹ́dì Agége. Òórùn ọ̀dà àti kẹ́míkà wà nínú ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Àwọn wẹ́dà ń jó irin lẹ́bàá títì. Èéfín jẹnẹrétọ̀ kò sì yọ ẹnìkan sílẹ̀. Bí ọyẹ́ bá tún dé, omijé á gbẹ, lẹ́ńsì rírọ̀ á sì máa gbẹ lójú. Òṣìṣẹ́ tí ń wọ lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ sọ irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún ẹni tí yóò yẹ ojú rẹ̀ wò.

Ìtàn kan ti pẹ́ láàárín àwọn ajórin, pé iná wẹ́dà lè yọ́ lẹ́ńsì mọ́ ẹni lójú. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1967 ni ó bí i, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Iná náà kì í yọ́ lẹ́ńsì mọ́ ojú. Èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ ni pé lẹ́ńsì kò lè dáàbò bo ojú lọ́wọ́ iná náà, tàbí lọ́wọ́ ẹ̀tàpá irin. Ajórin tí ó wọ lẹ́ńsì ṣì gbọ́dọ̀ lo ìbòjú rẹ̀. Ní ọdún 2005, àjọ NIOSH tí ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà gbà pé òṣìṣẹ́ tí ń lo kẹ́míkà lè wọ lẹ́ńsì, bí ilé iṣẹ́ bá ti yẹ ewu ibẹ̀ wò, tí ó sì wọ awò ìdáàbòbò tí ó yẹ lé e. Ní Nàìjíríà, òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 1987 béèrè pé kí ojú òṣìṣẹ́ ní ààbò níbi iṣẹ́ tí ó léwu fún ojú. Àwa tí a jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa bóyá a pèsè é.

Bí kẹ́míkà bá ta sójú, kí a bẹ̀rẹ̀ sí fi omi púpọ̀ ṣan án lójú ẹsẹ̀, kí a sì yọ lẹ́ńsì bí ó bá ti ṣeé yọ. Kí a má ṣe dá ṣíṣan dúró nítorí pé a ń wá lẹ́ńsì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, ilé ìwòsàn ni ó kàn.

Ọwọ́ tí yóò tọ́jú rẹ̀

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí a sì nù ún gbẹ kí a tó fọwọ́ kan lẹ́ńsì. Omi ìtọ́jú lẹ́ńsì nìkan ni à ń fi fọ̀ ọ́: kí a fi ìka ra á, kí a ṣan án, kí a sì da omi àná nù, kí a má ṣe bu tuntun lé e. Ilé lẹ́ńsì, ìyẹn ike kékeré tí à ń kó o sí, kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Omi ni ọ̀tá tí a kò fura sí. Omi kànga, omi ẹ̀rọ, omi bọ́hò, àní omi inú ọ̀rá tí à ń mu, kò sí èyí tí ó yẹ fún lẹ́ńsì. Kòkòrò àìfojúrí kan tí ń jẹ́ Acanthamoeba lè wà nínú omi tí ó mọ́ lójú wa. Bí ó bá rí ààyè lábẹ́ lẹ́ńsì, ó lè jẹ kọ́níà, ìtọ́jú rẹ̀ sì máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù. Nítorí náà kí a yọ lẹ́ńsì kí a tó wẹ̀ tàbí lúwẹ̀ẹ́. Itọ́ ẹnu kò dára fún un rárá. Oorun náà ńkọ́? Àjọ CDC ti Amẹ́ríkà sọ pé sísùn pẹ̀lú lẹ́ńsì lójú ń mú ewu àkóràn pọ̀ sí i ní ìlọ́po mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ìsìn òru, tí oorun máa ń gbé lọ lórí àga, ẹ fi awò ojú lọ.

Gbogbo ojú pípọ́n kọ́ ni àpólò

Ní ọdún 1969, nígbà tí ọkọ̀ Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá, àrùn ojú pípọ́n jà ní Ghana, ó sì tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gba orúkọ àpólò. Láti ìgbà náà, bí ojú bá ti pọ́n, a ó ní àpólò ni, yóò lọ fúnra rẹ̀. Lójú ẹni tí ń wọ lẹ́ńsì, èrò yìí léwu púpọ̀. Bí ojú rẹ̀ bá pọ́n, tí ó ń dùn ún, tí kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, tàbí tí ìríran rẹ̀ ṣú, ó lè jẹ́ pé egbò ti wà lórí kọ́níà. Egbò bẹ́ẹ̀ lè ba ojú jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àpá tí ó bá fi sílẹ̀ kò ṣeé fọ̀ nù; nígbà mìíràn kọ́níà ẹni tí ó ti kú ni wọ́n ní láti fi rọ́pò rẹ̀, àwọn tí ń fi ojú wọn sílẹ̀ fún irú èyí kò sì pọ̀ láàárín wa.

Kí a yọ lẹ́ńsì náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a tọ́jú rẹ̀ sínú ilé rẹ̀ kí a lè fi han dókítà, kí a sì lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Kí a má ṣe kán omi ṣúgà, wàrà ọmú, ìtọ̀, tàbí oògùn tí aládùúgbò lò kù sí i. A ń gbàdúrà fún ìwòsàn, a sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n àdúrà kò sọ pé kí a jókòó sílé. Ilé ìwòsàn LASUTH wà ní Ìkẹjà, ilé ìtọ́jú ojú Guinness sì wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà. Bí ó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù aṣe-awò ni a fẹ́ lọ fún àyẹ̀wò, kí a béèrè bóyá ẹni tí yóò wo ojú wa ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Optometrists and Dispensing Opticians Registration Board of Nigeria, tí òfin ọdún 1989 dá sílẹ̀. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àfojúdi.

Fún ìjíròrò nínú ìdílé

Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí. Kí òbí àti ọmọ jókòó, kí wọ́n sì dáhùn àwọn ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí kí owó tó kúrò lápò:

1. Ta ni ó wọn ojú ọmọ yìí fún lẹ́ńsì, ọjọ́ wo ni ó sì ní kí ó padà wá?

2. Níbo ni ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́ tàbí kàwé, kí sì ni ó ń fẹ́ sí i lójú níbẹ̀?

3. Ǹjẹ́ ó lè fọ ọwọ́, kí ó sì tọ́jú lẹ́ńsì lálaalẹ́, títí kan alẹ́ tí ó rẹ̀ ẹ́ tàbí tí kò sí iná?

4. Ǹjẹ́ awò ojú tí nọ́ńbà rẹ̀ péye wà nílé fún ọjọ́ tí lẹ́ńsì kò ní ṣeé wọ̀?

Bí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dán mọ́rán, kí ọmọ wọ lẹ́ńsì rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Bí ọ̀kan bá kù, kí a ní sùúrù títí yóò fi pé. Kí Olúwa tí ó la ojú afọ́jú pa ojú wa àti ti àwọn ọmọ wa mọ́. Àmín.