Àìsàn Ló Ṣeé Wò: Ìmọ̀ràn fún Ẹbí Tí Aláìsàn Wọn Kò Ní Gbádùn Mọ́

Àwọn àgbà ní àìsàn ló ṣeé wò, a kò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Ẹ̀yìn ikú ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí láti fi tu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n kí ọlọ́jọ́ tó dé ni ó ti wúlò jù, nítorí ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹbí ibi tí ìwòsàn parí sí, àti ohun tó kù láti ṣe fún ẹni tí kò ní gbádùn mọ́ ṣùgbọ́n tó ṣì wà láàyè. Ní àwọn abà àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà ní Akínyẹlé títí dé Àkànràn ní Ọ̀nà-Àrà, kì í ṣe dókítà nìkan ni ìbéèrè yìí kàn. Ẹbí ló ń wá owó, ẹbí ló ń wá mọ́tò, ẹbí náà ló sì ń pinnu, lọ́pọ̀ ìgbà láìbi aláìsàn, bóyá kí wọ́n tún gbé e lọ sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn tàbí kí wọ́n gbé e wálé.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí dókítà bá rí i pé àrùn jẹjẹrẹ ti tàn ká ara aláìsàn, yóò pe àkọ́bí tàbí ẹni tó ń sanwó sí ẹ̀gbẹ́ kan, onítọ̀hún yóò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí bàbá tàbí ìyá gbọ́. Ìfẹ́ ló fà á. Ẹ̀rù àfọ̀ṣẹ wà níbẹ̀, ìyẹn ìgbàgbọ́ pé ohun tí ẹnu bá sọ lè ṣẹ; ẹ̀rù pé ọkàn aláìsàn yóò rẹ̀wẹ̀sì náà wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí oníṣègùn kankan fi ojú yẹpẹrẹ wo ọ̀kankan nínú wọn. Síbẹ̀, ìpamọ́ yìí máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ aláìsàn. Àgbẹ̀ tó ti darúgbó sídìí oko ní Lágelú ló mọ ibi tí pèrègún ààlà wà láàrin ilẹ̀ rẹ̀ àti ti aládùúgbò, òun ló mọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè àti ẹni tí òun náà jẹ, òun nìkan ló lè ránṣẹ́ pe ọmọ tó ti bínú kúrò nílé, òun ló sì lè sọ bóyá abà ni kí wọ́n sin òun sí tàbí agbo ilé ní Ìbàdàn. Bí ó bá kú láìmọ̀ pé ọjọ́ ti ń lọ, gbogbo rẹ̀ bá a wọlẹ̀, àwọn ọmọ a sì wá máa fa ara wọn lọ sí kóòtù nítorí ààlà tí gbólóhùn kan ṣoṣo ì bá ti fi hàn. Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2014, pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sọ ipò tí ara aláìsàn wà fún aláìsàn fúnra rẹ̀, ní èdè tó yé e, àyàfi bí ẹ̀rí tó lágbára bá wà pé ọ̀rọ̀ náà yóò pa á lára.

Ọ̀nà tí a ó gbà sọ ọ́ ló ṣòro. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Kí ẹni tí aláìsàn fọkàn tán kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò nípa àìsàn náà, kí ó sì bi í bóyá ó fẹ́ mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ àgbà ti fura tipẹ́, wọ́n kàn dákẹ́ kí ọkàn àwọn ọmọ má baà bàjẹ́ ni. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ gbọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kí wọ́n jẹ́ kó yan ẹni tí yóò gbọ́ fún un.

Bí aláìsàn bá gbọ́ tán tó sì ní òun kò ṣe iṣẹ́ abẹ mọ́, ta ni ó ní àṣẹ? Ẹlẹ́rù ní í gbé e níbi tó ti wúwo. Ní ọdún 1991, obìnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn ní Èkó, ó sì kú. Ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí dá Dókítà Okonkwo tó tọ́jú rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a láre ní ọdún 2001, ó ní àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú, kódà bí kíkọ̀ náà bá lè yọrí sí ikú. Ti ọmọdé yàtọ̀: ní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kan náà ti dókítà kan lẹ́yìn tó tẹ̀lé àṣẹ kóòtù láti fa ẹ̀jẹ̀ sára ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ kọ̀. Ó sì yẹ kó yé gbogbo ẹbí pé kíkọ ìtọ́jú yàtọ̀ sí pípa ènìyàn, nítorí ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tó mú ikú aláìsàn yá, ìbáà jẹ́ nítorí àánú, apànìyàn ni lójú òfin Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ owó ló ń tú ilé ká jù. Bí kíndìnrín bá ti kọṣẹ́, ẹ̀rọ kan wà tí í fọ ẹ̀jẹ̀ dípò rẹ̀, wọ́n sì máa ń lò ó fún aláìsàn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀; ó lè dá ẹ̀mí sí fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í wo kíndìnrín náà sàn, owó rẹ̀ kò sì ní òpin. Ní Ẹgbẹ́dá àti Akínyẹlé, níbi tí àwọn tó ń kọ́lé ti ń wá ilẹ̀ oko kiri, kò ṣòro láti rí ẹni tí yóò ra ilẹ̀ ẹbí láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Kí wọ́n tó tà á, kí wọ́n bi dókítà léèrè ní tààràtà bóyá ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ sanwó rẹ̀ yóò wo aláìsàn sàn, tàbí yóò fi ọjọ́ kún ọjọ́ rẹ̀, tàbí yóò kàn mú ara tù ú, kí wọ́n sì bi aláìsàn bóyá ó fẹ́ kí ilẹ̀ náà lọ. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọmọ tó bá ní kí wọ́n má ta ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀dájú, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ní kí wọ́n tà á kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tó burú ni kí wọ́n tà á nítorí ohun tí ará àdúgbò yóò wí.

Òótọ́ ni pé ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ṣùgbọ́n òkú kò mọ iye tí a ra àgọ̀, ó sì ń dunni pé ilé tó rí owó màlúù, kánópì àti aṣọ ẹbí lẹ́yìn ikú ni kò rí owó oògùn ìrora ní oṣù kan ṣáájú. Oògùn náà wà. Ìtọ́jú kan wà tí kì í lépa ìwòsàn, tó jẹ́ pé ìrora, èébì, àìlèmí dáadáa àti ìbẹ̀rù ni ó ń gbógun tì. Cicely Saunders ló mú un gbajúmọ̀ nígbà tó dá ilé ìtọ́jú kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1967, Anne Merriman, tó ti ṣe dókítà ní Nàìjíríà rí, sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Uganda ní ọdún 1993. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò, onímọ̀ nípa oògùn akunnilóorun fún iṣẹ́ abẹ, wà lára àwọn aṣáájú tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní UCH. Morphine, oògùn olómi tí wọ́n ń fi ẹnu mu ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ni òpó rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù pé yóò di bárakú tàbí pé yóò pa aláìsàn, ṣùgbọ́n bí oníṣègùn bá wọ̀n ọ́n, tó ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, tó sì fi oògùn ìgbẹ́ tì í lẹ́yìn nítorí ó máa ń dí ìfun, ìrora ló ń pa, kì í pa ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó nílò irú ìtọ́jú yìí lágbàáyé, bíi 14 péré ló ń rí i.

Nílé, kí wọ́n máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì méjì kí egbò ìdùbúlẹ̀ má baà dá sí i lára, kí wọ́n sì máa fi omi tutù rin ẹnu rẹ̀. Nígbà tí kò bá lè gbé nǹkan mì mọ́, kí wọ́n má fi tipá rọ ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, nítorí ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà lọ. Ara tó ń lọ kì í béèrè oúnjẹ, kì í sì í ṣe ebi ló ń pa á.

Kí Mọ́gàjí, ìyẹn olórí agbo ilé, àti àwọn àgbà agbo ilé kọ̀ọ̀kan pe aláìsàn wọn jókòó nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n béèrè ohun tó fẹ́ àti ohun tí kò fẹ́, kí wọ́n yan ẹnì kan tí yóò máa bá dókítà sọ̀rọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí. Ẹbí tí ìrora aláìsàn wọn bá ti kọjá agbára oògùn tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì, kí wọ́n má ṣe gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa jẹ̀rora títí, kí wọ́n lọ béèrè ẹ̀ka ìtọ́jú tó ń gbógun ti ìrora ní UCH.