Ta ni "wọ́n" inú orin màmá mi?

Ìbéèrè: Gbànja ni màmá mi ń tà ní Sábó, Ṣàgámù. Ọmọ ọdún 21 ni mí, èmi ni mo ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Láti oṣù mẹ́ta tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti jọ ń rìn, bí ọ̀rẹ́ mi bá ti yọ lókèèrè báyìí, orin jùjú àtijọ́ kan ni màmá mi máa ń fi sí i lórí fóònù. Olórin náà ń bẹ ayé pé kí wọ́n má kó ìwà burúkú ran olólùfẹ́ òun. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ni wọ́n ń fi orin bú. Màmá ní orin lásán ni. Ẹ bá mi túmọ̀ rẹ̀.
Ọmọ Olóbì, Ṣàgámù.

Ìdáhùn: Orin lásán kọ́, ọmọ mi. Nínú agbo ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, bí ìyáálé bá fẹ́ bá ìyàwó wí, àwo tó ń fọ̀ ló máa kọjú sí tí yóò fi dá orin. Kí ìyàwó bínú, wọn a ní, "Ta ló dárúkọ ẹ?" "Wọ́n" inú irú orin bẹ́ẹ̀, ẹ̀wù tí a kò wọn ẹnì kankan kí a tó rán an ni. Ọrùn tó bá wu màmá rẹ ló lè bọ̀ ọ́ sí.

Ṣùgbọ́n tún orin náà gbọ́. Ayé ni olórin ń bẹ̀ látòkèdélẹ̀. Olólùfẹ́ tó ń ṣọ́ ńkọ́? Kò bá a sọ gbólóhùn kan. Ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́ ni. Ìfẹ́ ni lóòótọ́, àmọ́ ọmọ ọdún 21 kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn mọ́.

N kò sọ pé ẹ̀rù màmá rẹ kò nídìí o. Ilé ọtí kan ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti pa Àyìnlá Ọmọwúrà, ọba orin àpàlà létí tèmi, ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1980. Ẹni tó ti sún mọ́ ọn, tó ti ṣe máníjà rẹ̀ rí, ló pa á.

Ṣùgbọ́n orin kọ́ la fi ń mọ ọ̀rẹ́ burúkú. Wo bí màmá rẹ ṣe ń ṣa obì. Kì í kọrin sí apẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti rẹ obì, tí ẹ bó èèpo funfun ara rẹ̀, á mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, á máa wá ihò bíńtín kó tó fi ewé dì í. Ó mọ̀ pé láti oko ni kòkòrò ti máa ń wọnú obì, kó tó dé ọjà rárá.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. O sọ ohun tí màmá ń ṣe, o sọ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ wí. O kò sọ iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ yìí ń ṣe, tàbí ibi tí ẹ jọ ń lọ. O kò tilẹ̀ jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Kí ló dé?

Nírọ̀lẹ́, tí ẹ bá di apẹ̀rẹ̀ tó kẹ́yìn tán, pa fóònù yẹn, kí o kúnlẹ̀. Má bi màmá rẹ pé ta ló ń bá wí. Bi í pé: "Màmá, kí lẹ rí?" Bó bá sọ ohun tó fojú rí, gbọ́ ọ tán kí o tó gbèjà ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ àlá ló lá, tàbí wòlíì kan ló sọ fún un, bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ wá bá yín bó obì lọ́jọ́ kan, kí màmá lè fojú ara rẹ̀ wò ó dáadáa. Kí ọ̀rẹ́ náà má wọ aṣọ funfun wá o, omi obì kì í ṣí lára aṣọ.