Ta Ló Lè Ṣáájú Ara Rẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ atọ́kùn ètò kan lórí rédíò tó ń ka ìmọ̀ràn tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọ̀dọ́. Ó ní: “Kọ́kọ́ jẹ́ aṣáájú ara rẹ kí o tó jẹ́ aṣáájú ẹlòmíràn.” Ìmọ̀ràn náà dára, ohùn atọ́kùn náà sì dùn, ṣùgbọ́n “aṣáájú ara rẹ” yẹn há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Irú ìmọ̀ràn báyìí, tí àwọn ọ̀dọ́ ń tú sí Yorùbá, pọ̀ lórí Facebook àti WhatsApp. Ẹni tí kò rówó ra ìwé ń rí ọgbọ́n kọ́ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èdè tí wọ́n fi ń gbé e kalẹ̀ fi ń dùn mí.

Inú ṣáájú ni aṣáájú ti jáde, inú ṣíwájú ni ṣáájú náà ti jáde. Ẹnu wa ló jẹ w mọ́ ọn lára, tí í fi yí padà di á. Oyè Aṣíwájú ṣì di ti àtijọ́ mú. Ṣùgbọ́n bí a bá pè é gígùn, bí a bá gé e kúrú, èèyàn méjì, ó kéré tán, ló gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú ọ̀nà tí wọ́n jọ ń tọ̀. “Ẹ máa ṣáájú, mò ń bọ̀.” “Òun ló ṣáájú mi dé.” Níbi tí kò bá sí ará ẹ̀yìn, kò sí aṣáájú. Báwo wá ni ẹnìkan ṣoṣo ṣe máa wà níwájú ara rẹ̀?

Aṣáájú kì í sì í ṣe ọ̀gá pátápátá. Ẹ wo Ìbàdàn. Ìlà oyè méjì ló wà níbẹ̀, ti Olúbàdàn àti ti Balógun, Jagun sì ni ìjòyè ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Aṣáájú Balógun wà lórí ìlà ti Balógun, ṣùgbọ́n Ìkòlàbà wà lókè rẹ̀, Àgbàakin wà lókè ìyẹn, àwọn mìíràn ṣì kù ká tó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀tún Balógun, ká tó wá kan Balógun fúnra rẹ̀. Ibi tí èèyàn dúró sí ni orúkọ náà ń sọ, kì í ṣe bí àṣẹ rẹ̀ ti pọ̀ tó. Lójú ogun, ẹni iwájú ni ọfà kọ́kọ́ ń bá. Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, aṣáájú ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ jìn sí i. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó ń pàṣẹ, ọ̀gá ni, alákòóso ni, olórí ni.

Ní ti àwọn olóṣèlú, mo gbà pé ìjà ti parí. Ẹni tó bá ti wà nípò ni ìwé ìròyìn ń pè ní aṣáájú, ìbáà rìn, ìbáà jókòó. Etí ti gbà á, n ò ní bá ẹnikẹ́ni fà á mọ́.

Ti ara ẹni yìí ni n kò gbà, nítorí ọ̀rọ̀ tó yẹ ẹ́ wà nílẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn oníwàásù ti ń lo ọ̀rọ̀ náà, ìkóra-ẹni-níjàánu. Ìjánu ẹṣin ló wà nínú rẹ̀: irin lẹ́nu ẹṣin, okùn lọ́wọ́ ẹni tó gùn ún. Èèyàn kan náà ni ẹṣin, òun náà ló gùn ún, ọ̀rọ̀ náà kò sì tako ara rẹ̀, nítorí ìfẹ́ ọkàn ń fà síbí, làákàyè ń fà sọ́hùn-ún. Ohun tí atọ́kùn yẹn ń wá gan-an nìyẹn: “Kó ara rẹ níjàánu kí o tó ṣáájú ẹlòmíràn.” Bí èyí bá gùn jù fún un, “tún ìwà rẹ ṣe” wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tú ìmọ̀ràn wọ̀nyí sí Yorùbá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ má ṣe dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ aṣáájú sílẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹnìkan wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn.